ẸNI TÍ YÓÒ TÚN KATAKATA ṢE NI KÍ ÀGBẸ̀ KỌ́KỌ́ WÁ

Nígbà tí àgbẹ̀ bá ti kó owó jọ, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀, láti ra ẹ̀rọ katakata tí yóò máa fi túlẹ̀, ìbéèrè tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Èwo ni ó lágbára jù?" Ọ̀kan a ní Massey Ferguson ni, èkejì a ní John Deere ni, ẹ̀kẹta a ní Mahindra kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò kan ìdí ọ̀ràn. Kò sí èyí tí kì í bàjẹ́ nínú gbogbo wọn. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé, ní ọjọ́ tí ó bá dákẹ́ sí àárín oko, ta ni yóò wá tún un ṣe, ibo ni yóò ti wá, ọjọ́ mélòó ni yóò sì gbà á?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò àkọ́rọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ̀nà tàbí Igbe, nígbà náà ni a sì ń gbin àgbàdo. Síìlì kan ṣoṣo, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, lè dá katakata dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó síìlì náà kò tó nǹkan; ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù Igbe kò ṣeé rà padà lọ́jà. Awakọ̀ yóò gba owó oṣù rẹ̀, èlé yóò máa gun orí owó tí a yá, àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti san àsansílẹ̀ pé kí a bá wọn túlẹ̀ yóò sì máa wá sí ilé ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́.

Ọ̀ràn yìí kan àwọn tí ń ti Ìfọ̀, Ọ̀tà, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wá ra ẹ̀rọ ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége. Agége fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìlú àgbẹ̀ rí: níbẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbin kókó àti obì, tí wọ́n sì dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Ọkọ́ àti àdá ni irin iṣẹ́ ìgbà náà, alágbẹ̀dẹ tí yóò tún un rọ kò sì jìnnà. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá àgbègbè ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, ilé àti ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò oko. Ní Òrégùn ni Mantrac wà lónìí, tí ń ta ẹ̀rọ Caterpillar, iṣẹ́ tí ó ti wà lọ́wọ́ UAC tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń la ọ̀nà tí wọ́n sì ń fọ́ òkúta mọ̀ pé Caterpillar wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n ń rà á, nítorí wọ́n mọ ilé tí wọn yóò gbà lọ bí ó bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí àgbẹ̀ ronú bí wọn.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá dé ilé ìtajà má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà tí ń dán àti omi tútù tí a gbé fún un gba ọkàn rẹ̀. Kí ó ní kí a mú òun lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀yà ẹ̀rọ sí. Kí ó bèèrè iye owó kílọ́ọ̀ṣì, fílítà àti síìlì, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí wọn lórí pẹpẹ. Bí olùtà bá wí pé òun yóò ránṣẹ́ sí òkè òkun, ìdáhùn dé nìyẹn. Kí ó bèèrè bákan náà ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ mẹkáníìkì dé oko, nítorí ibẹ̀ ni ìjà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì sàn kí ó bá ẹni tí ó ra irú rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sọ̀rọ̀ ju kí ó ka ìwé ìpolówó mẹ́wàá.

Kì í ṣe òní ni ọgbọ́n yìí ti wà. Cyrus McCormick, ará Amẹ́ríkà tí ó gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ ìkórè rẹ̀ ní 1834, ní abánidíje púpọ̀. Ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ gidigidi ni àwọn aṣojú tí ó fi sí ìgbèríko: wọ́n ń kọ́ àgbẹ̀ ní bí a ti ń lò ó, wọ́n ń kó ẹ̀yà rẹ̀ pamọ́ sí ìtòsí, wọ́n sì ń tún un ṣe. Òdìkejì rẹ̀ ni ti Tanganyika, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ gbin ẹ̀pà ní 1947. Òjò kò tó, ilẹ̀ sì le, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn katakata àlòkù tí wọ́n kó jọ bàjẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, láìsí ẹ̀yà àti mẹkáníìkì tí ó tó. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1951, nǹkan bí £36,000,000 ti ṣòfò.

Ní oṣù Òkúdu 2025, Ààrẹ Bola Tinubu ṣí ètò katakata 2,000 tí a kó wá láti Belarus, ní Abuja. A kó ẹ̀yà ẹ̀rọ pẹ̀lú wọn, èyí tí ó yẹ fún ìyìn, àti ọkọ̀ àtúnṣe 12. Ẹni tí ó mọ ìṣirò lè pín 2,000 sí 12: ó ju katakata 160 lọ fún ọkọ̀ kan, ní orílẹ̀-èdè tí ó ní ìpínlẹ̀ 36.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra síbẹ̀, nítorí olùtà lè sọ iṣẹ́ àtúnṣe di ìdè. Ní Amẹ́ríkà, ó pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń ráhùn pé kọ̀ǹpútà inú John Deere kò jẹ́ kí wọ́n tún ẹ̀rọ wọn ṣe láìlọ bá olùtà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ ìṣòwò pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí katakata tí mẹkáníìkì ìgbèríko lè tú palẹ̀, kí ó sì tún un tò, fi níye lórí. Irú rẹ̀ ni Massey Ferguson 135 tí ó jáde ní 1964: kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀ sì wà ní ọjà, bí ayédèrú tilẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn kan yóò wí pé kí a ra èyí tí kò wọ́n, kí a sì fi owó tí ó kù ra ẹ̀yà pamọ́. Ó dùn gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ẹ̀yà tí yóò kọ́kọ́ bàjẹ́? Oṣù Bélú, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, ni kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ rán ẹni méjì lọ sí Ìkẹjà, ọ̀kan tí ó mọ owó ṣírò, ọ̀kan tí ó mọ inú ẹ́ńjìnì. Kí wọ́n gba ìwé àdéhùn tí ó sọ iye ọjọ́ tí olùtà gbọ́dọ̀ fi dé oko bí a bá ránṣẹ́ pè é, kí ìwé náà sì ti wà nínú àpótí ẹgbẹ́ kí òjò Ẹrẹ̀nà tó dé.