Ẹni Tí Ń Bá Yín Wá Owó Ilé, Ta Ni Ó Rán An?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá gba ìwé-ẹ̀rí tán tí a sì rí iṣẹ́, pàápàá iṣẹ́ ìjọba, náírà méjì ààbọ̀ ni wọn yóò máa yọ nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù wa fún National Housing Fund tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀. Ọwọ́ Federal Mortgage Bank ni owó yẹn ń lọ, báńkì tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Nigerian Building Society ní 1977. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ yáwó kọ́lé nínú rẹ̀, báńkì ilé kéékèèké ni yóò gbà á níbẹ̀ kí ó tó yá wa. Èrò pọ̀ lójú ọ̀nà láàrin àwa àti owó náà.

Láyé àwọn baba wa, Òṣómàáló kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Ará Ìjẹ̀ṣà tí ó ta aṣọ àwìn náà ni yóò wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀. Wọ́n mọ ojú rẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí ó bá wá.

Ẹ wo òṣìṣẹ́ báńkì lónìí. Ó lè jẹ́ ọmọlúàbí, àmọ́ báńkì ní ń san owó oṣù rẹ̀. Alágbàtà ńkọ́? Òun kò ní kọ́bọ̀ tí yóò yá ẹnikẹ́ni. Ó ń mú ni mọ ẹni tí ó lówó ni, kí ó lè gba owó ọ̀yà. Ẹ̀gbọ́n mi kan, olùkọ́, kówó fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó de táì, ó sì gbé fáìlì dání. Ẹ̀gbọ́n rò pé báńkì ni ó rán an. Ọdún méjì ni ó fi wá a kiri.

Èyí tí ń bí mi nínú jù ni ti adíyelé àti lọ́yà. Àpò ẹni tí ń yáwó ni owó iṣẹ́ wọn sábà ń ti jáde, báńkì ni wọ́n sì ń jábọ̀ fún! Adíyelé ń wò ó bóyá owó báńkì yóò pé bí wọ́n bá lu ilé náà ní gbàǹjo. Lọ́yà ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò nítorí ọ̀gá rẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó fi ilẹ̀ dúró fún gbèsè. Ní 1989, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé èyí tí kò bá ní àṣẹ bẹ́ẹ̀, òfo ni. Láti ìgbà náà ni ojú àwọn lọ́yà báńkì ti là kedere. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka àdéhùn ogún ọdún náà fún ẹ̀yin tí ẹ óò san án?

Tèmi ni pé kí ẹ gba lọ́yà tiyín, kí ẹ sì bi ẹnikẹ́ni tí ó bá wá ẹni tí ń san owó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti gba tirẹ̀ báyìí. Iye tí ó san fún un kò tó ìdajì ohun tí ọkùnrin onítáì yẹn gbé lọ.