Kí Ó Tó Wọjà: Ta Ló Yẹ Kó Tọ́jú Alárùn Ọpọlọ?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé wèrè dùn ún wò, kò dùn ún bí lọ́mọ. Nígbà tí wọ́n pa òwe yẹn, ẹni tó bá fẹ́ wo wèrè ní láti jáde sí ìgboro. Ní tiwa, inú fóònù la ti ń wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ ní họ́sítẹ̀lì, kò ní sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, á máa bá ẹni tí a kò rí jà. Kí ẹnikẹ́ni tó pe àwọn òbí rẹ̀, fídíò rẹ̀ á ti dé orí WhatsApp gbogbo ẹ̀ka-ẹ̀kọ́. Tó bá yá, a ó gbọ́ pé ẹbí rẹ̀ ti wá mú un lọ sílé. Lẹ́yìn ìyẹn, a kì í sábà gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ibi tí wọ́n mú un lọ ni mo fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìwádìí pọ̀ tó ń jáde lórí ìtọ́jú àrùn ọpọlọ tó le, pàápàá èyí tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia, tí aláìsàn ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó sì dá a lójú pé àwọn kan ń lépa òun. Ìròyìn oògùn tuntun ló sábà máa ń gbalẹ̀. Lójú tèmi, ìwádìí tó kàn wá jù kì í ṣe ti oògùn tuntun. Ìbàdàn àti Kumasi ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé àwọn onísègùn ìbílẹ̀ àti ilé àdúrà. Ó sì yẹ kí àwa tí a ń ka ìwé mọ̀ ọ́n ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Òtítọ́ àti irọ́ inú ọ̀rọ̀ ọjà

Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ pé bí wèrè bá ti wọjà, kò ṣeé wò mọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí bá ìwádìí òde òní mu. Àwọn tó sọ ọ́ mọ̀ pé àìsàn yìí kò fẹ́ ìfàfalẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó ń jẹ́ RAISE tọ́jú ènìyàn 404 ní ìpínlẹ̀ 21, àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n fún àwọn kan ní ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn yòókù gba oògùn tí wọ́n fara balẹ̀ wọ̀n fún wọn, ẹnì kan ń bá wọn jókòó sọ̀rọ̀ déédéé, wọ́n kọ́ ẹbí wọn ní ohun tí àìsàn náà jẹ́, wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti padà sí iléèwé tàbí ẹnu iṣẹ́. Nígbà tí èsì jáde ní 2015, àwọn tó gba ìtọ́jú alápapọ̀ yìí sàn ju àwọn tí wọ́n tọ́jú bí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó sì jèrè rẹ̀ jù ni àwọn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu àìsàn kí wọ́n tó rí ìtọ́jú. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, ìdajì àwọn ènìyàn náà ti lo ọ̀sẹ̀ 74 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìrí ìtọ́jú tó yẹ. Ó tó ọdún kan àti oṣù márùn-ún, ní ilẹ̀ olówó bí Amẹ́ríkà! Ní England, wọ́n ka ọ̀rọ̀ àkókò yìí sí débi pé ní 2016, ìjọba gbé ìlànà kalẹ̀ pé ó kéré tán, ìdajì àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ìtọ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ 2.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọjọ́ orí tiwa gan-an ni àìsàn náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà tí ọmọ ń parí girama títí dé ìgbà tó ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní bí ẹnì kan nínú ènìyàn 300 ló ní schizophrenia. Ẹ rántí iye àwa tí a wà ní yunifásítì kan ṣoṣo.

Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó ti wọjà ṣì ṣeé wò. Ní 1988, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kó aláìsàn 268 jọ, àwọn tí oògùn tí wọ́n ti lò kò ràn rárá. Wọ́n fún àwọn kan ní chlorpromazine tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n fún àwọn yòókù ní clozapine. Nínú 100 tó lo chlorpromazine, bí 4 ló sàn. Nínú 100 tó lo clozapine, 30 ni. Clozapine ní ewu tirẹ̀, torí ó lè dín àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà kù, ẹni tó ń lò ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ láti ọdún náà, kò sí ẹni tó yẹ kó tún fi ẹnu sọ pé ọ̀rọ̀ alárùn ọpọlọ ti bọ́ sórí.

Oògùn tuntun dára, ṣùgbọ́n

Láti 1952 tí wọ́n ti kọ́kọ́ lo chlorpromazine fún àrùn yìí ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀nà kan náà ni gbogbo oògùn rẹ̀ ń gbà. Wọ́n ń dí ọ̀nà mọ́ dopamine, ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Wọ́n ń pa àwọn ohùn náà lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè mú ara gbọ̀n, kí ọrùn wọ́, tàbí kí ènìyàn sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pa á tì.

Ní oṣù September 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Cobenfy, tó gba ọ̀nà mìíràn. Oògùn méjì ni wọ́n dì pọ̀ nínú rẹ̀. Xanomeline ń ṣiṣẹ́ ní ibòmíràn nínú ọpọlọ, kò dí ọ̀nà mọ́ dopamine. Trospium kì í wọ inú ọpọlọ. Tirẹ̀ ni láti dín wàhálà tí ìkejì rẹ̀ ń dá sílẹ̀ nínú ara kù, irú bí inú rírun àti èébì. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 5 péré ni àwọn ìdánwò tí wọ́n fi gbà á wọlé gbà, owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì ju dọ́là 1,800 lọ lóṣù. Ẹ bá mi ṣe é sí náírà. Oògùn tí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà kò lè rà kò tíì di oògùn fún ọmọ rẹ̀.

Ibi tí aláìsàn wà gan-an

Dókítà àrùn ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 300, fún ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 200 lọ. Àwọn kan nínú wọn sì ti já pa. Nígbà tí ọmọ bá ń gbọ́ ohùn, ibo ni ẹbí yóò kọ́kọ́ sáré lọ? Ilé bàbá onísègùn ni, tàbí ilé wòlíì, tàbí ọ̀dọ̀ àáfà. Wọ́n súnmọ́ni, wọ́n gbọ́ èdè ẹni, wọ́n sì ní èsì fún ìbéèrè tó ń jẹ ẹbí lọ́kàn jù: "Ta ló ṣe èyí sí wa?" Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà, àti pàṣán, àti ààwẹ̀ tipátipá. Ní 2019, Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé oníṣègùn, ilé àdúrà Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí wà nínú rẹ̀, ibùdó ìjọba pẹ̀lú kò gbẹ́yìn.

Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe nìyí. Dípò kí wọ́n dúró de aláìsàn ní ilé ìwòsàn, wọ́n lọ bá a níbi tó wà. Wọ́n kó aláìsàn 307 jọ ní ilé ìtọ́jú ìbílẹ̀ àti ilé àdúrà ní agbègbè Ìbàdàn àti ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà. Ní àwọn ilé kan, òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ti kọ́ ń wá wo aláìsàn déédéé, wọ́n ń fún un lóògùn níbẹ̀, wọ́n sì ń bá onísègùn tàbí wòlíì náà jókòó bí alájọṣiṣẹ́. Ní àwọn ilé yòókù, kò sí irú àjọṣe yìí.

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí àìsàn náà ti le tó. Bí iye rẹ̀ bá ṣe ń wálẹ̀ ni ara ń yá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìhà méjèèjì wà ní bíi 107 sí 109. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí kò ní àjọṣe wálẹ̀ sí 67.6. Àwọn tí òṣìṣẹ́ ìlera àti onísègùn jọ tọ́jú wálẹ̀ sí 53.4. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, kò sì sí oògùn tuntun kankan níbẹ̀. The Lancet ló gbé èsì náà jáde ní 2020.

Àwọn àgbà kan ti rìn ín rí

Ẹni tó bá mọ ìtàn Abẹ́òkúta kò ní ṣe háà. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, wọ́n ní kí ó máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí ẹbí kan bá a gbé níbẹ̀ láti máa dáná fún un, kí ó sì máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Wọ́n pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ náà sí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Lambo di igbá-kejì olórí àgbà WHO, àwọn ilẹ̀ mìíràn sì wá kọ́gbọ́n ní Aró.

Èmi kò sọ pé kí á máa yin àṣà láìwo ibi tó kù sí. Ẹ wo igi asofẹ́yẹjẹ. Ní 1960, dókítà ará Kánádà kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, Raymond Prince, kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà pé àwọn onísègùn wa ń lo gbòǹgbò rẹ̀ fún wèrè. Reserpine wà nínú igi náà lóòótọ́, èyí tí àwọn òyìnbó rí fà yọ láti ara ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà ní 1952, tí wọ́n sì lò ní ilé ìwòsàn wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n pa á tì nígbà tó yá, torí ó máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, oògùn tó sàn jù ú lọ sì ti dé. Bàbá onísègùn mọ nǹkan. Kò túmọ̀ sí pé ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, tàbí ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin tí kò fẹ́ gbọ́

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní bí nọ́ọ̀sì ìjọba bá ń wọ ilé wòlíì, àfi bí ẹni pé ìjọba ti fọwọ́ sí pàṣán. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àmọ́ nínú ìwádìí Ìbàdàn náà, wọ́n ka iye àwọn tí wọ́n ń fi ìyà jẹ. Ní ìhà tí wọ́n ti ṣe àjọṣe, ènìyàn 94 nínú 166 ni nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀; lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ku 13 nínú 152. Ní ìhà kejì náà, ó wálẹ̀ láti 59 nínú 141 sí 13 nínú 134. Ìhà méjèèjì ló wálẹ̀, nítorí náà a kò lè sọ pé àjọṣe nìkan ló ṣe é. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àṣà ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe àpáta. Bí ojú bá wà níbẹ̀ tó ń wò ó, ó ń yẹ̀. Bí dókítà bá kọ̀ tí kò wọlé, ojú wo ni yóò wò ó?

Òfin ti wà. Ní oṣù January 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò Lunacy Act ti 1958, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916 lábẹ́ àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n òfin kì í gun ọ̀kadà lọ sí abúlé. Ohun tí mo fẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá ṣe ni pé kí wọ́n mọ gbogbo ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú wèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera kan tàbí méjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí wọ́n sì rí i pé oògùn tí kò wọ́n kò tán lọ́wọ́ wọn. Ilé tó bá kọ̀ láti tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kí wọ́n tì í.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà tàbí ní London àti Houston, ẹ̀yin lẹ lè bá ìjọba sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, tiwa kò pọ̀. Bí ará yàrá rẹ kò bá sùn mọ́, tó ń fura sí gbogbo ènìyàn, tó ń dá ẹni tí o kò rí lóhùn, fi fóònù náà pe ẹbí rẹ̀, kí o sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹbí rẹ̀ bá ní ilé àdúrà ni àwọn ń mú un lọ, má bá wọn jà. Sọ fún wọn pé àdúrà àti oògùn lè jọ rìn, kí o sì bi wọ́n léèrè bóyá nọ́ọ̀sì ń dé ibẹ̀. Nígbà tó bá padà wá, bá a jókòó ní kíláàsì, kí o sì yá a ní ìwé tí o ti kọ sílẹ̀ fún gbogbo ọ̀sẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.