Ta Ló Ní Ẹkún Nìkan Ni Lítíréṣọ̀?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé! Ẹjọ́ ni mo wá rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú.

Ní ìpàdé tó kọjá, mo ka àròkọ kan nípa ìlà omi níwájú hóstẹ́ẹ̀lì: bí kẹ́ẹ̀gì ṣe ń tò láti aago mẹ́rin ìdájí, àti kẹ́ẹ̀gì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni ín, tó jẹ́ pé òun ló máa ń wà níwájú lójoojúmọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ yín. Lẹ́yìn náà lẹnì kan dìde, ó ní ìlú le jù, ta ló ráyè àwàdà? Bí wọ́n ṣe yọ àròkọ mi kúrò nìyẹn. Ó dáa. Ẹ ṣí ìwé wa tó jáde kẹ́yìn wò: ewì mọ́kànlá, ẹkún mọ́kànlá.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti jà á ní Ṣáínà. Lin Yutang ló mú ọ̀rọ̀ náà “youmo” wọ èdè wọn ní 1924, kí wọ́n lè ní orúkọ fún irú àwàdà yìí. Ní 1932, ó dá ìwé ìròyìn Lunyu sílẹ̀ ní Shanghai fún àròkọ kéékèèké tó ń pani lẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, ọdún tó ṣáájú ni Japan wọ Manchuria! Ní 1933, Lu Xun bínú sí irú àròkọ bẹ́ẹ̀: ó ní ohun ìjà ló yẹ kó jẹ́, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tí olówó ń fọwọ́ pa lórí tábìlì.

Mi ò ní parọ́, Lu Xun kì í ṣe ẹni tí à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n gbá létí, tó wá ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà gbá a sí i, ìyẹn kì í ṣe àwàdà. Mo gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Jin Shengtan. Òjò há òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ tẹ́ḿpìlì kan fún ọjọ́ mẹ́wàá, ni wọ́n bá ń ka ohun tó ń dùn mọ́ wọn nínú. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló kọ sílẹ̀: kéèyàn fi ọ̀bẹ mímú gé wọ́tàmẹ́lọ̀n lọ́sàn-án gangan, kó ṣí fèrèsé kí agbọ́n jáde, kó sun ìwé gbèsè àwọn tó jẹ ẹ́ lówó. (Ẹ̀yin tí mo jẹ lówó, ẹ gbọ́ o.) Lin Yutang túmọ̀ wọn sínú ìwé rẹ̀ The Importance of Living, 1937. Ṣé ọ̀lẹ ni Jin? Ní 1661, àwọn ọ̀mọ̀wé kóra jọ sí tẹ́ḿpìlì Confucius ní Suzhou, wọ́n ń sunkún lójú gbogbo ayé nítorí aláṣẹ kan tó ń na mẹ̀kúnnù torí owó orí. Jin wà níbẹ̀. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ẹkún gidi nìyẹn, kì í ṣe ti orí bébà.

Liang Shiqiu ńkọ́? Ní 1940, bọ́ǹbù ń já lu Chongqing. Ilé ọparun tí wọ́n fi ẹrẹ̀ rẹ́ ló ń gbé: eku ń sáré, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́, ó ń gbọ́ híhanrun aládùúgbò láti inú yàrá tirẹ̀, òjò sì ń jo wọlé. Kí ló sọ ilé náà? Yashe, ilé afínjú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé hóstẹ́ẹ̀lì, ṣé kò jọ ilé wa?

Àní Lu Xun fúnra ẹ̀, ní 1926, ó kọ̀wé nípa ọgbà ìgbà èwe rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi asẹ́ dẹ pàkúté fẹ́yẹ lórí yìnyín. Ohun ìjà dà níbẹ̀?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má sunkún. Mo ní kí ẹ má ṣe lé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kúrò nílé. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo tún ń gbé kẹ́ẹ̀gì mi bọ̀, mo sì ti fi ojú ìwé kan kún un: mo ti mọ ẹni tó ni kẹ́ẹ̀gì iwájú yẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni.