Charlot la mọ̀, Orlando Martins ńkọ́?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin ará wa lódìkejì bọ́dà, ọ̀rọ̀ kan ń dun àwa tí a ń kọ́ ọmọ níwèé.

Bi àwọn ọmọ kíláàsì wa léèrè ẹni tó ṣeré nínú sinimá àtijọ́ tí kò ní ohùn, Charlot ni wọn á pè. Kò burú. Ṣùgbọ́n bi wọ́n pé ta ni Orlando Martins, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Àwa olùkọ́ wọn ńkọ́? Bákan náà ni.

Èkó ni wọ́n bí Martins sí lọ́dún 1899. Ọ̀dọ́ ló ṣì jẹ́ nígbà tó dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ja ìjàkadì, ó fi ejò ṣeré fún òǹwòran, kó lè rí oúnjẹ òòjọ́. Lọ́dún 1926, nígbà tí sinimá kò tíì máa sọ̀rọ̀, ó fara hàn nínú If Youth But Knew. Nígbà tí sinimá fọhùn, ó ń bá iṣẹ́ lọ: òun àti Paul Robeson nínú Sanders of the River, 1935, òun àti Ronald Reagan, tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, nínú The Hasty Heart, 1949. Ó padà sílé, ó sì kópa nínú Kongi's Harvest, eré Wọlé Ṣóyínká, lọ́dún 1970. Èkó ló kú sí ní 1985.

Àwọn kan á ní: “Ará Nàìjíríà ni, kì í ṣe tiwa.” Ṣé ará Kétu ni Charlot ni? Ọdún 1889 tí wọ́n bí Charlot náà ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ìlà tó fi Kétu síhìn-ín, tó fi Mẹ́kọ sọ́hùn-ún. Wọn kò bi wá. Kí ló dé tí àwa fúnra wa fi ń ṣọ́ ìlà náà fún wọn?

Àwọn mìíràn á ní Sanders yin àwọn amúnisìn. Òótọ́ ni; Robeson fúnra rẹ̀ padà bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn náà fọ́mọ: ìránṣẹ́, babaláwo, ìjòyè inú igbó, irú ipò tí wọ́n ń fún aláwọ̀ dúdú nìyẹn, síbẹ̀ ó dúró ti iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ ìtàn rẹ̀ ní kíláàsì lọ́sẹ̀ yìí, ní Yorùbá. Sinimá ìgbà náà kò lẹ́nu. Àwa lẹ́nu, kí là ń dákẹ́ fún?