Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Gígun Òkè Ìdànrè

Ó ti di àṣà láàrin àwa ọmọ Nàìjíríà pé bí a bá ti dárúkọ Òkè Ìdànrè, ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ni ó ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ẹni tí ó ti débẹ̀ yóò ka iye ìgbà tí òun dúró sinmi. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí yóò béèrè bí òótọ́ ni pé ìpele rẹ̀ lé ní 600. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé a ti jẹ́ kí àtẹ̀gùn yìí bo òkè fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀. À ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó gun òkè náà, àti pé ibi tí àtẹ̀gùn parí sí ni òkè parí sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a bá sì ń bá a lọ láti rò ó bẹ́ẹ̀, a ó pàdánù ohun tí owó kò lè rà padà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń pè ní Òkè Ìdànrè. Kì í ṣe òkè kan. Ọ̀wọ́ òkè ni, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àfonífojì sì wà láàrin wọn. Akọ òkúta ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi yé wa pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta yìí ti dì láti inú ohun gbígbóná tí ó yọ́, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òjò àti ọ̀gbàrá ni ó wá gbá ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọrí síta. Bí ẹrù ilẹ̀ sì ti kúrò lórí rẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí orí àwọn òkè náà fi rí roboto, tí ẹsẹ̀ kì í fi í rí ibi tí yóò dì mú. Wọ́n ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun, Orósùn ni ó sì ga jù nínú wọn.

Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ ní 1923. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú kóòtù àtijọ́, ilé agogo, àwọn ojúbọ, ibojì àwọn àgbà, ipasẹ̀ Agbóógun, àti Omi Àpáàrá. Ilé ẹ̀kọ́ pàápàá ti wà lórí òkè náà láti 1896. Nítorí gbogbo èyí ni orúkọ rẹ̀ fi wọ inú ìwé UNESCO ní 2007, láàrin àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa dámọ̀ràn pé kí a kà sí ogún gbogbo ayé.

Àtẹ̀gùn tí a ń gbóríyìn fún náà, ìlú àtijọ́ yìí ni ó gbé wa dé. Kò gbé wa dé ṣóńṣó kankan. Ẹ wá rò ó wò. Odidi ìlú tí ó ní ọba, tí ó ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, tí oko rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, ǹjẹ́ ó bọ́gbọ́n mu pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà? Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní ìhà kejì kò ní yí gbogbo òkè po kí ó tó délé. Ọdẹ yóò ní ọ̀nà tirẹ̀, apọnmi yóò ní tirẹ̀, àwọn àwòrò yóò sì ní èyí tí ó lọ sí ojúbọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò bá tẹ̀ mọ́, igbó a máa gbà á padà. Àwọn àgbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní 1923 ti lọ; àwọn ọmọ wọn, tí ń tẹ̀lé wọn gòkè nígbà ọdún ìbílẹ̀, ti di arúgbó.

Mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé ohun tí ó kù fún Ìdànrè ni ọkọ̀ tí ń rìn lórí okùn irin, tàbí ẹ̀rọ agbéniròkè irú èyí tí a ṣe sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Èmi kò bá wọn jà. Arúgbó àti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ní ẹ̀tọ́ láti fi ojú ara wọn rí ààfin náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa bàjẹ́, iná mànàmáná a sì máa lọ; ọjọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sáré ra ẹ̀rọ nígbà tí kò tíì tún ọ̀nà ẹsẹ̀ ṣe, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Bí a bá ń wá àwòkọ́ṣe, ẹ jẹ́ kí a wo òkè Kinabalu ní ilẹ̀ Màléṣíà. Akọ òkúta ni òun náà, gíga rẹ̀ sì tó 13,435 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ sí ṓńṣó rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ àti láìmú amọ̀nà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn amọ̀nà náà sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Dusun tí ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè. Ní ọjọ́ 5 oṣù Júùnù 2015, ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀. Àpáta ya lulẹ̀, ènìyàn 18 sì kú lórí òkè náà. Àwọn amọ̀nà wà lára wọn. Àwọn amọ̀nà yòókù ni ó fi ẹsẹ̀ kó àwọn àlejò sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ti ọ̀nà kan tí ń jẹ́ Mesilau pa, wọ́n sì la ọ̀nà tuntun sí apá òkè kí wọ́n tó tún gba ènìyàn láyè láti dé ṣóńṣó. Ọjọ́ burúkú náà fi hàn pé ẹni tí ó mọ ọ̀nà ṣe pàtàkì ju ohunkóhun lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe ní Ìdànrè kò pọ̀. Èkíní, kí a bá àwọn àgbà jókòó, kí a sì rán àwọn ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ wọn le láti wá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dárúkọ, kí a ya wọ́n sínú àwòrán ilẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Èkejì, kí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn sọ èyí tí àlejò lè gbà àti èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀. Orósùn kì í ṣe pápá ìṣeré lójú àwọn tí ń bọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kí àlejò má ṣe kọjá ìlú àtijọ́ láìmú amọ̀nà tí ó jẹ́ ọmọ ìlú, kí a kọ orúkọ rẹ̀ àti wákàtí tí ó gòkè sílẹ̀, kí a sì mọ̀ bí ó bá ti padà dé. Bí òjò bá ń ṣú, kí ẹnikẹ́ni má gun àpáta lásán, nítorí nígbà tí omi bá kan ewédò ara rẹ̀, a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ̀kẹrin, kí a máa yọ apá kan nínú owó tí a ń gbà lẹ́nu ọ̀nà fún títún àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ṣe àti fún owó iṣẹ́ àwọn amọ̀nà.

Ẹnìkan lè wí pé bí ọ̀nà bá pọ̀, àlejò yóò pọ̀, òkè yóò sì bàjẹ́. Mo gbà pé ẹ̀rù náà tọ́. Ṣùgbọ́n àlejò tí kò rí ọ̀nà yóò la tirẹ̀, ibi tí kò yẹ ni yóò sì gbà. Ọ̀nà tí a bá là tí a sì ń ṣọ́ ni ó lè pa ojúbọ, ibojì àti igbó mọ́.

Nítorí náà, mo bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo sì bẹ àwọn ọmọ Ìdànrè nílé àti lẹ́yìn odi: ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yìí dọ́la. Bí a kò bá rí owó ẹ̀rọ ní ọdún yìí, a lè rí i ní ọdún mẹ́wàá òní. Arúgbó tí ó mọ ibi tí bàbá rẹ̀ ń gbà gòkè kò lè dúró dè wá fún ọdún mẹ́wàá.