KÍKỌ́ ÀGBÀ NÍ KỌ̀ǸPÚTÀ: ỌWỌ́ TA NI Ó YẸ KÍ Ó WÀ LÓRÍ MÁÒSÌ?

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró, yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Windows jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń jẹ́ kí a lè fi ẹ̀rọ náà kọ lẹ́tà, kí a fi wo àwòrán, kí a sì fi iṣẹ́ wa pamọ́ sínú rẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ tí a kò tọ́jú mọ́ dà bí ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí a ṣe ṣáájú ọdún 2018. Lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n ni àwọn àgbàlagbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀rọ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kò sí owó tí wọn yóò fi ra tuntun.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn dìde sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2009, ní ìlú Amsterdam, Martine Postma dá Repair Café sílẹ̀, níbi tí aládùúgbò ti ń bá aládùúgbò tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2025, ọ̀pọ̀ irú ibẹ̀ ni ó ń bá ènìyàn fi Linux sórí ẹ̀rọ àtijọ́. Ètò ọ̀fẹ́ ni Linux. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1991.

Lójú tiwa, fífi ètò tuntun sórí ẹ̀rọ kọ́ ni olórí iṣẹ́. Iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àgbàlagbà bá jókòó sídìí ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ti yí padà, tí kò sì rí ibi tí ó máa ń tẹ̀ mọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ ti ń ṣìnà. Wọn a gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a tẹ ibi mẹ́ta, mẹ́rin, wọn a ní, "Ó ti tán." Iṣẹ́ tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí a bá ṣe é tí a kò kọ́, dandan ni kí ó tún padà wá. Nígbà tí ó bá sì ń bọ̀, yóò mú àṣírí rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ wa níbí, a ń rí àwọn àgbàlagbà tí ń fi káàdì báńkì àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ lé ọmọdé lọ́wọ́ kí ó lè bá wọn gba owó. Bí ọmọ náà bá jẹ́ olóòótọ́, ọpẹ́ ni. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan lè sọ pé àṣà wa kò gba kí ọmọdé máa tọ́ àgbà sọ́nà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ni ó sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Èdè wa pàápàá ti pèsè ọ̀nà tí a lè gbà tún àṣìṣe ṣe láìtàbùkù ẹnikẹ́ni: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká tún un wò." Olùkọ́ tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ yìí lò yóò ká ọwọ́ ara rẹ̀ kò, yóò sì ní sùúrù títí ọwọ́ àgbà yóò fi rí ibi tí ó ń wá. Lẹ́tà tí bàbá fẹ́ kọ tàbí àwòrán ọmọ-ọmọ tí ìyá fẹ́ wò ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ.

Nítorí náà, àbá wa ni pé kí ẹ̀ka wa fi irú iṣẹ́ yìí kún ìdánrawò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Inú kíláàsì àwọn ọmọdé nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọ́ iṣẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá àgbàlagbà kan ní àdúgbò, kí ó sì fi èdè Yorùbá kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà. Ìlò Yorùbá lórí ẹ̀rọ kì í ṣe ohun àjèjì: Linux ní ètò títẹ Yorùbá tirẹ̀. Àǹfààní mìíràn sì wà níbẹ̀ fún àwa onímọ̀ èdè: ọ̀rọ̀ tuntun tí a ń ṣẹ̀dá, iwájú àgbàlagbà ni a ti lè dán an wò. Bí a bá pe ọ̀rọ̀ náà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì lọ tààrà sí ibi tí ó yẹ, ọ̀rọ̀ náà wúlò. Bí ó bá ń wo ojú wa, kí a padà sídìí iṣẹ́.