Ẹ Má Fi Ohùn Àwọn Àgbà Dán Dísìkì Wò

Wọ́n ní kí ló kan ọmọ Ẹ̀ka Yorùbá nínú Linux. Ohun tó kàn wá nìyí. Lọ́dún tó kọjá, a gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ki oríkì ìdílé wọn fún bíi wákàtí kan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nínú yàrá wa ní Ìkòsì, a gé fáìlì náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí fíláàṣì. Kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ ti parí. Kí a tó yọ fíláàṣì, iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí iná padà dé, fáìlì kò sí lórí kọ̀ǹpútà mọ́, ìdajì rẹ̀ ló kù lórí fíláàṣì. Ẹ̀bi wa ni, a gbà. A padà tọ ìyá lọ. Wọ́n tún un kì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti àkọ́kọ́.

Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ràn ti ń rọ̀ lé wa lórí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ẹ ní kí a pa dísìkì rẹ́, kí a fi Btrfs sí i, pé òun ló lajú jù. Fedora ti ń fi í sórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì láti ọdún 2020, Facebook náà sì ń lò ó. Ó dáa. Facebook ní iná tí kì í lọ, wọ́n ní ẹ̀dà lórí ẹ̀dà. Àwa, Ketu là ń gbé. Ext4 la ó lò.

Ẹ wo ìyá onítòmátì ní Mile 12. Ká ní kí wọ́n tó gbé apẹ̀rẹ̀ kan kúrò níbì kan, wọ́n á kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí òjò bá tú ọjà ká, ìwé yẹn ni wọn yóò fi mọ ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé. Ext4, tó ti dúró ṣinṣin láti oṣù Kejìlá ọdún 2008, ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. FAT32 tó wà lórí ọ̀pọ̀ fíláàṣì kò ní.

Btrfs ní ọgbọ́n tirẹ̀: kì í kọ tuntun lé àtijọ́ lórí, nítorí náà kò yẹ kí iná tó lọ bà á jẹ́. Àmọ́ ó gbà pé dísìkì kì í purọ́. Dísìkì tòkunbọ̀ a máa purọ́. Á ní òun ti kọ ohun tí kò tíì kọ. Irọ́ yẹn lè ba ext4 náà jẹ́, ṣùgbọ́n e2fsck wà láti tún un ṣe, irinṣẹ́ tó ti gbó lẹ́nu iṣẹ́. Ti Btrfs ńkọ́? Ìwé ìlànà rẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má lo àṣẹ àtúnṣe rẹ̀ àfi bí onímọ̀ bá ní kí a lò ó. Onímọ̀ wo la fẹ́ rí ní Ìkòsì láago mọ́kànlá òru?

A kò ní bo àléébù ext4 mọ́lẹ̀. Ìwé rẹ̀ ń sọ ibi tí apẹ̀rẹ̀ wà, kò sọ bóyá tòmátì inú rẹ̀ ti jẹrà. Btrfs ń yẹ inú apẹ̀rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà kejì kò bá sí, ohun tí yóò sọ fún yín kò ju pé ó ti jẹrà lọ. Nítorí náà, sha256sum la fi ń sàmì sí ohùn kọ̀ọ̀kan tí a bá gbà, ẹ̀dà kan wà ní Ketu, èkejì wà ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A kì í gé fáìlì mọ́, ẹ̀dà là ń ṣe. Bátìrì tuntun ló yẹ kí a kọ́kọ́ rà, a mọ̀. Linux ni ọ̀fẹ́, bátìrì kọ́. Ẹ ṣáà gbọ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, Kòsọ́fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n tó bá ní irọ́ la pa, kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọn wá sí Ìkòsì láago mẹ́jọ alẹ́, kí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀, kí wọ́n fi iṣẹ́ àṣekágbá wọn sórí rẹ̀, ẹ̀dà kan ṣoṣo, kí a jọ jókòó dúró de ìgbà tí iná máa lọ.